Sàfúrátù Tó Ń Wá Ariwo Kiri Ìsẹ́yìn

Bí wọ́n bá bi obìnrin Ìsẹ́yìn léèrè pé kí ló ń ṣe jẹun, á ní òun ń ta gààrí, tàbí òun ń ránṣọ, tàbí òun ń kọ́ ọmọ níwèé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá bi Sàfúrátù, á ní, "Mo máa ń wá ariwo ni." Ariwo wo? Ariwo tí etí kò gbọ́. Ẹni tó bi í á wò ó látòkè délẹ̀, á ní, "Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn," á sì yára kọjá lọ. A kúkú mọ ibi tí wọ́n ń mú àwọn tó ń gbọ́ ohun tí etí kò gbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ̀yin náà tó sá fún un. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi ń bá a sọ ọ́. Òpó náà tẹ́tí sílẹ̀, ó ń gbọ́ ti olúkúlùkù. Tí ẹ̀rọ burúkú kan bá wá wà nínú ilé kan tó ń han mọ́ ọn létí tọ̀sán-tòru, òpó kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ti rí i ní mọ́ṣáláṣí rí, bí máìkì bá sún mọ́ sípíkà jù, tó wá ń han goooro, tí lèmọ́mù ò lè wáásù mọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ Sàfúrátù ni kó wá ilé tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, kó sì rí i pé wọ́n pa á.

Ṣakí ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Iléeṣẹ́ kan tó ń bójú tó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti Ìbàdàn ló gbà á, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé e lọ́wọ́, tí ìlà ojú rẹ̀ máa ń ga bí ariwo bá ti ń sún mọ́ tòsí, pẹ̀lú eríàlì kan tó rí bí egungun ẹja. Eríàlì yìí ló máa ń nà síwájú bó bá ń rìn. Ẹ wo obìnrin tó bo orí, tó wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, tó ń na egungun ẹja sí ilé onílé lọ́sàn-án gangan! Ta ni ò ní sá wọlé?

Tí kì í bá ṣe bàbá ọkọ rẹ̀ ni, kì bá tí ṣe iṣẹ́ náà pẹ́. Nígbà tí Débọ́lá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ìpàpó, fẹ́ ẹ, àwọn àgbà ẹbí ní àwọn kò rí i rí kí ìyàwó ilé máa pọ́n òrùlé kiri. Alhaji Ọlátúnjí Àpọ́nlé, bàbá Débọ́lá, ló gbà á wọlé. Oníṣòwò sìmẹ́ǹtì ni Alhaji, òun sì ni alága ẹgbẹ́ onílé. Ó ní, "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀." Ẹ má rò pé ìfẹ́ ìmọ̀ ló ń ṣe é o. Ó kàn dùn ún gbọ́ létí ara rẹ̀ ni, bó bá dé àwùjọ tó ń sọ pé, "Ìyàwó ọmọ mi ló ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo Òkè-Ògùn." Ṣùgbọ́n Sàfúrátù kò bìkítà nípa ìyẹn. Alhaji dúró tì í nígbà tí kò sí ẹlòmíràn, ó sì fẹ́ràn bàbá náà dénú.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wọn kú. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ségesège o. Ó kú pátápátá. Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dúró gbọnrangandan lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí o bá pe èèyàn, kò ní lọ. Kàdírì tó ń hun aṣọ òfì, tó ní síìmù mẹ́ta nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà l'Ékòó, ní kò sí èyí tó sàn ju èkejì lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin kan tó lọ ṣòwò ní Ìjìó délé, ó bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń jẹun ìkómọ lójúlé rẹ̀, ó bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n ń kó jáde. Ọmọ tirẹ̀ ni!

Alhaji Ọlátúnjí gbé ọ̀rọ̀ náà karí. Ó pe ìpàdé, ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó yan ara rẹ̀ ní alága ìgbìmọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún bó ṣe gbà láti sin ìlú. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gé igi dóńgóyárò tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ewé rẹ̀ ló ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà. Wọ́n gé igi tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, òòrùn ló dé, àwọn bàbá tó máa ń jókòó síbẹ̀ sì di ẹni tó ń gbé àga kiri. Ni wọ́n bá kọjú sí Kàdírì. Wọ́n ní òwú tó ń dán tó ta gbọọrọ síta níwájú ilé ìhunṣọ rẹ̀ ló ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Kàdírì ti bá Alhaji du ipò alága rí, ó sì kù díẹ̀ kó wọlé. Kàdírì kó òwú rẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀. Alhaji ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òwú náà ti fi nǹkan sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí kí ọ̀gá Sàfúrátù tó wá láti Ìbàdàn. Olúkúnlé lorúkọ rẹ̀, kò sì mọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní, "Sàfúrátù, àdúgbò tìẹ gan-an nìyí. Àwọn tó wà lókè ń bi mí léèrè. Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí o ò rí i, ẹlòmíràn ni màá gbé wá, má sì retí pé a ó tún pè ẹ́." Ó sọ ọ́ tán, ó gbé gíláàsì mọ́tò rẹ̀ sókè, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ká Sàfúrátù lára. Irú iṣẹ́ yìí kò sí ní títà lọ́jà. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ibi tó tún fẹ́ ti rí òmíràn ní gbogbo agbègbè yẹn, àwọn àgbà ẹbí tó lòdì sí i á sì ní ṣebí àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé eríàlì, ó bọ́ síta.

Kò tíì dé oríta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lápá. Obìnrin kan ní kó na egungun ẹja náà sí yàrá orogún òun, nítorí láti ọjọ́ tó ti wọlé ni nǹkan ò ti lọ déédéé. Àwọn mọ́ṣáláṣí ní kó yẹ ṣọ́ọ̀ṣì wò. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní ṣé kò gbọ́ ìró sípíkà mọ́ṣáláṣí ni. Ayálégbé júwe ilé onílé, onílé júwe yàrá ayálégbé. Ọlọ́kadà kan gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀ àtijọ́ tó gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ibí ni. Ẹ tiẹ̀ má wulẹ̀ tan ẹ̀rọ yẹn." Gbogbo bí Sàfúrátù ṣe rìn tó, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní, "Ẹ wá wo ilé tèmi."

Sàfúrátù bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìhunṣọ Kàdírì, ó yí eríàlì lọ sọ́tùn-ún, ó yí i lọ sósì, títí ìlà ojú ẹ̀rọ fi ga dé ibi tó ga dé, ó sì fi ojú sàmì sí apá ibi tó kọjú sí. Ó lọ dúró nídìí òpó, ó ṣe bákan náà. Ibi tí apá méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ lariwo wà. Apá méjèèjì wá lọ pàdé níbi tí kò fẹ́. Ó ní bóyá òun ò ṣe é dáadáa ni, ó lọ dúró lẹ́bàá ọjà, ó tún un ṣe. Ibì kan náà ni. Ẹ̀rọ kò kúkú mọ ẹni tí í ṣe àna ẹni. Nígbà tó máa fi sún mọ́ ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé báyìí, ìlà náà ti fẹ́ gba òkè jáde. Ilé Alhaji Ọlátúnjí ni.

"Yéè!" ni Sàfúrátù wí, ó sì tètè fi eríàlì pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bá nílé, Ìyá Débọ́lá, tó jókòó tó ń ṣa ẹ̀wà. Sàfúrátù kúnlẹ̀, ó kí i, ó kí i títí kíkí fi tán nílẹ̀, ó wá ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni irin kan tó yọ lẹ́yìn táńkì omi lórí òrùlé yín yẹn?"

Ojú Ìyá Débọ́lá tàn. "Háà, o rí i? Búsítà bàbá yín ni. Wọ́n rà á níbodè Ìjìó. Ṣé o mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, tí ọmọ wa tó wà lókè òkun bá pè, ẹ̀gbẹ́ ilé ewúrẹ́ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró? Alhaji á máa pariwo 'Hẹ́lò! Hẹ́lò!', ewúrẹ́ á máa dá wọn lóhùn. Wọ́n ní alága kan kì í bá ewúrẹ́ dúró gba fóònù. Ìgbà tí wọ́n ra eléyìí, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún fọ́fọ́ nínú pálọ̀!"

"Fóònù wá ń lọ dáadáa, Màámi?"

"Fóònù tiwa dáa. Àwọn tí à ń pè ni tiwọn ò dáa."

Sàfúrátù ń wo ìyá náà. Ìyá náà wò ó padà, ojú rẹ̀ lọ sára eríàlì tó yọ nísàlẹ̀ ìborùn, ẹ̀wà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Sàfúrátù! Má sọ fún mi. Mi ò gbọ́. Mi ò sí nílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò lára iná."

"Èmi? Kí n lọ fọwọ́ kan ohun tí Alhaji fi ń ṣe fáàrí? Olóhun ni kó o lọ bá."

Ó lọ bá olóhun. Ó bá Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti rí ibi tí ariwo náà ti ń wá."

Alhaji fò dìde. "Àlùhámúdù lílàhì! Ilé ta ni?" Kí Sàfúrátù tó la ẹnu, ó ti na ọwọ́ sókè. "Dákẹ́! Má tíì sọ ọ́."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ náà, ilé ló yẹ ká ti sọ ọ́."

"Ilé kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní a ti gba rìbá ni? Ìpàdé ni o ti máa sọ ọ́, níwájú tọmọdé-tàgbà, kí ojú ti òṣìkà náà. Mo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó ti ẹnu tìẹ jáde ni." Ó ń wo apá ilé ìhunṣọ Kàdírì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná..."

"Sàfúrátù! Ta ló gbà pé kó o máa ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun àláásárì."

Sàfúrátù ń rò ó bó ti ń padà lọ sílé. Bó bá sọ ọ́, ẹnu tí Alhaji fi ní kó máa ṣiṣẹ́ ni yóò fi ní kó fi í sílẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, Olúkúnlé á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Débọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní èrò tí òun máa gbé lọ sí Ìpàpó lọ́la, bóyá òun ò sì ní tètè dé. Ọkùnrin!

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí Olúkúnlé dá fún Sàfúrátù, èrò pé bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan. Alhaji wọ agbádá, ó dúró láàárín, ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun fi gbẹ ẹ́. Ó ní ẹni tó ń ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ kò fẹ́ràn ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní ẹni yòówù kó jẹ́, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ ọlọ́lá, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àdúgbò yìí. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn na ọwọ́, Kàdírì na tirẹ̀ ga jù. Ìyẹn bí Alhaji nínú díẹ̀.

"Ìyàwó mi, ó yá. Dárúkọ rẹ̀."

Sàfúrátù kúnlẹ̀ sáàárín wọn. "Bàbá, mi ò lè pe orúkọ náà."

"Kí ló dé? Ṣé ọba ni?"

"Kì í ṣe ọba, Bàbá."

"Ṣé ẹ̀rù ló ń bà ọ́? Èmi wà lẹ́yìn rẹ! Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ tó máa fọwọ́ kàn ọ́. Dárúkọ rẹ̀!"

"Ẹ̀rù kọ́, Bàbá. Ìyàwó ni mí."

Gbogbo àwọn ìyàwó ilé tó wà níbẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀? Ọmọ ìkókó tó bá bá nílé ọkọ, ìnagijẹ ló máa fi pè é títí ọmọ náà á fi hu irùngbọ̀n, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó bí ọkọ. Ọ̀rọ̀ náà ràn láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ó ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tó gbé àga wá. Ẹni kan ṣoṣo tí kò tíì yé ni ẹni tó dúró láàárín.

"Ìyàwó ni ọ́, ìyẹn wá ńkọ́?" ni Alhaji wí. "Ṣé kí ìyàwó máa bo àṣírí olè ni? Ẹ wò ó, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó pe orúkọ ọkùnrin yìí!"

Kàdírì kò lè gbà á mọ́ra mọ́. "Alhaji, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó ti pè é tán."

Alhaji wo Kàdírì. Ó wo Sàfúrátù lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin tó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo òrùlé ilé rẹ̀ tó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Apá ọ̀tún agbádá rẹ̀ já bọ́ lójìká, kò rántí gbé e.

"Ìpàdé ti parí," ló wí.

Ó yíjú, ó ń lọ sílé, gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé e. Ó wọ inú pálọ̀ fúnra rẹ̀, ó fa wáyà náà yọ kúrò lára ògiri. Kò tíì jáde tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í han lápò, nínú báàgì, létí ìró. Kàdírì ń fi síìmù kan dá Èkó lóhùn, ó ń fi èkejì dá Èkó lóhùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti èṣí dé pọ̀. Kò sí ẹni tó tún rántí ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀. Olúkúlùkù ti kẹ̀yìn síra wọn, wọ́n ń pariwo "Hẹ́lò!"

Fóònù Sàfúrátù náà dún, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló wọlé. Ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Alhaji ló kọ́kọ́ rí i. "Kí ló tún dé? Mo ti pa á!"

Sàfúrátù na fóònù sí i. Alhaji gbé e jìnnà sójú, ó ń kà á jáde: "Sàfúrátù, ọ̀sẹ̀ ti parí, a pè ọ́ títí, nọ́ńbà rẹ kò lọ. Ẹni tí a kò lè rí bá sọ̀rọ̀ kò wúlò fún wa. A ti yan ẹlòmíràn. Kí o dá ẹ̀rọ wa padà."

"Wọ́n pè ọ́, kò lọ," ni Alhaji wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí pé..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wò wọ́n o. Bí Alhaji bá fẹ́ wọlé lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ráyè. Ojú rẹ̀ tiẹ̀ lọ síbi ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó tún wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é ju ìtìjú lọ. Ó ní, "Pe ọ̀gá yín fún mi."

Olúkúnlé gbé e. Alhaji ní, "Ọ̀gá, èmi ni bàbá Sàfúrátù. Ọmọ náà ti rí i o!"

"Ta nìyẹn? Ohùn yín ò já geere." Kò lè já geere, gbogbo àdúgbò ló ń pe fóònù lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo ní ó ti rí i! Búsítà ni! Wọ́n ti pa á!"

"Ilé ta ló wà?"

Alhaji wẹ̀yìn wò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilé alága ẹgbẹ́ onílé."

"Mi ò gbọ́ yín, sà. Ẹ pariwo díẹ̀."

Alhaji mí kanlẹ̀, ó gbé ohùn sókè títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. "Mo ní èmi ni! Èmi Ọlátúnjí ọmọ Àpọ́nlé! Èmi ni mo gbé ariwo sórí òrùlé, èmi ni mo ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́, èmi ni mi ò jẹ́ kí ìpè yín wọlé! Ìyàwó mi ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ní gbogbo àgbàlá, àwọn èèyàn rọra ń gbé fóònù kúrò létí. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn Olúkúnlé sì wá já gaara débi pé ẹni tó jìnnà gbọ́ ọ.

"Ó dáa, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ orúkọ onílé fún àwọn tó wà lókè. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un pè fún mi."

Alhaji wo àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó nawọ́ fa Sàfúrátù dìde nílẹ̀. Ó tún un pè.